Àwọn àmì àìsàn tó ṣàjèjì lára ẹyẹ finch: báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀, kí ló sì yẹ ká ṣe?

Olùsìn Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn ẹyẹ. Gouldian finch (irú finch kan, ẹyẹ kékeré tó ń jẹ hóró) mẹ́rin ni mo ní nínú àgò kan, akọ méjì àti abo méjì. Ọ̀kan nínú àwọn akọ náà, èyí tó máa ń kọrin jù, ti dákẹ́ láti bí ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn yòókù bá ń fò káàkiri, òun á jókòó sórí igi tó ń bà lé, á wú ìyẹ́ ara rẹ̀ bí òwú, á sì máa tòògbé. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ilé sì pa rọ́rọ́, mo máa ń gbọ́ ìró kékeré kan tó ń dún kẹ́kẹ́-kẹ́kẹ́ bó ṣe ń mí. Ó tún máa ń nu àgógó ẹnu rẹ̀ mọ́ igi léraléra, àfi bí ẹni pé nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ṣì ń rí i nídìí àwo oúnjẹ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n máa rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ náà ò tíì le. Ṣé kí n ṣì máa wò ó ni, àbí kí n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko? Kí sì ni mo lè ṣe fún un lálẹ́ òní kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ìyá Ẹyẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má wulẹ̀ dúró wò ó mọ́. Nínú igbó, ẹyẹ kékeré tó bá fi àìlera rẹ̀ hàn ni àṣá máa ń kọ́kọ́ gbé, nítorí náà ó ti mọ́ wọn lára láti máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ le títí agbára wọn á fi tán. Nígbà tí àwa olùsìn bá fi máa rí i pé finch kan wú ìyẹ́, tó sì ń sùn lọ́sàn-án, àìsàn náà sábà máa ń ti pẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Pé ẹ ń rí i nídìí àwo oúnjẹ kò sì tó láti fi ọkàn balẹ̀, torí pé ẹyẹ tí ara rẹ̀ ò yá lè dúró ti oúnjẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó máa fi ẹnu tú hóró ká, kó má sì gbé nǹkan kan mì.

Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún un lálẹ́ yìí. Ìgbóná ara finch tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 40°C sí 42°C, ara kékeré bẹ́ẹ̀ ò sì lè di ooru mú fún ìgbà pípẹ́, torí náà agbára tó yẹ kí ẹyẹ náà fi bá àìsàn jà ló ń ná sórí mímú ara gbóná. Ìdí tó fi ń wú ìyẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ gbé e sínú àgò kékeré kan tí òun nìkan á wà, kí ẹ fi aṣọ bo ẹ̀yìn àgò náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wá gbé ohun tó ń mú ooru wá sí ìta apá kan rẹ̀, kí ibẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi 29°C sí 32°C. Bí ẹ ò bá ní gílóòbù tó ń mú ooru láìtàn, ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé dáadáa á ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ kó tó tutù. Apá kan ṣoṣo ni mo wí o. Ẹ jẹ́ kí apá kejì tutù díẹ̀, kí ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ lè yan ibi tó bá a lára mu. Bó bá la ẹnu sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì gbé apá rẹ̀ kúrò lára, ó ṣeé ṣe kí ooru ti pọ̀ jù, ẹ tètè sún un sẹ́yìn.

Ẹ gbé igi tó máa bà lé wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá kó má bàa já bọ́, kí oúnjẹ àti omi wà níbi tí ẹnu rẹ̀ ti lè tó wọn láìfò. Bébà funfun lásán ni kí ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ lè rí ìgbẹ́ rẹ̀ kedere. Ẹ jẹ́ kí iná díẹ̀ wà níbẹ̀, torí pé finch kì í jẹun nínú òkùnkùn, èyí tó ń ṣàìsàn ò sì gbọ́dọ̀ fi ebi sùn mọ́jú bí a bá lè ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ bá rí i pé ó ń la ẹnu mí nígbà tí ooru ò mú, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, tó jókòó sílẹ̀ àgò tí kò sì sá nígbà tí ọwọ́ yín sún mọ́ ọn, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ wọ́ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n gìrìgìrì, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì rárá. Ẹ wá oníṣègùn tó ń rí ẹyẹ lójú ẹsẹ̀.

Àgbà Ọ̀sìn

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ẹyẹ sọ. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe, ìyẹn orin tó dákẹ́, ìró kẹ́kẹ́ lóru àti bó ṣe ń nu ẹnu mọ́ igi, bá ti kòkòrò inú àpò afẹ́fẹ́ (àwọn àpò tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ) mu púpọ̀. Kòkòrò tíńtìnní kan ni, ìbátan eégbọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sternostoma tracheacolum. Inú ọ̀nà èémí ẹyẹ àti àwọn àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń gbé, Gouldian finch àti canary (ẹyẹ kékeré mìíràn tó máa ń kọrin) ló sì wọ́pọ̀ lára wọn jù. Òbí máa ń kó o ran ọmọ nígbà tó bá ń fi ẹnu bọ́ ọ, àwọn tó jọ ń gbé sì lè kó o ran ara wọn. Ẹyẹ tó ní i lè máa sín, kó máa gbọn orí, kó máa na ọrùn yán-ùn. Bó bá sì pọ̀, á máa la ẹnu mí.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo kọ yìí kó sì sáré lọ ra oògùn. Kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí máa ń mú irú ìró yẹn jáde, olú tó ń hù lára oúnjẹ tàbí ìtẹ́ tó ti bu náà sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó jọ èyí gẹ́lẹ́. Oògùn tó ń wo ọ̀kan ò wo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè nǹkan kan tí àwọn olùsìn kì í sábà rántí sọ. Ṣé ẹnikẹ́ni ń fín òórùn dídùn, ń tan àbẹ́là olóòórùn, ń mu sìgá tàbí ń kun ọ̀dà nítòsí àgò náà? Ṣé páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ wà nínú ilé ìdáná? Bí páànù tí wọ́n fi PTFE, èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, bo nínú bá gbóná kọjá ààlà, èéfín rẹ̀ lè pa finch láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kódà bí ènìyàn tó wà nínú yàrá kan náà kò bá mọ nǹkan kan lára. Bí ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ṣe mọ afẹ́fẹ́ rere gbà dáadáa ju tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gba májèlé. Ìdí rèé tí John Scott Haldane, onímọ̀ ará Scotland, fi dámọ̀ràn ní àwọn ọdún 1890 pé kí àwọn awakùsà máa gbé ẹyẹ dání wọ inú ihò, canary ni wọ́n sì ń lò ní Britain títí di 1986. Ẹyẹ náà ti ń ṣubú kí afẹ́fẹ́ olóró tó mú ènìyàn. Ẹni tó bá ń sin finch gbọ́dọ̀ mú páànù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ilé pátápátá ni. Ṣíṣí fèrèsé lásán ò tó.

Olùsìn Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò sí ẹni tó ń mu sìgá nínú ilé yìí, a ò sì fín nǹkan kan. Mo ti yà á sọ́tọ̀, mo sì gbé ìgò omi gbígbóná ti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ náà gan-an ló lọ jókòó sí. Lórí bébà funfun náà, mo rí ìgbẹ́ díẹ̀ tí kò tóbi, ó dúdú díẹ̀ bí ewé, funfun rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá oúnjẹ ń wọlé sí i nínú lóòótọ́?

Aláàkọsílẹ̀

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí gbogbo olùsìn máa bi ara rẹ̀. Ẹ wo àwo oúnjẹ. Finch máa ń bó èèpo hóró kó tó gbé inú rẹ̀ mì, nítorí náà èèpo òfìfo tuntun ni ẹ máa rí bó bá jẹun, kì í ṣe hóró tó kàn fọ́n ká. Ẹ fẹ́ ẹnu sí àwo náà kí èèpo lè fò lọ, kí ẹ wá wo bí hóró tó kù ti pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló ti pebi kú lórí àwo tó kún fún èèpo.

Òṣùwọ̀n ló sì dájú jù. Gouldian finch tó ti dàgbà kì í sábà ju nǹkan bíi gíráàmù 14 sí 16 lọ, zebra finch sì wà ní nǹkan bíi gíráàmù 12. Ẹyẹ tó bá pàdánù ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gíráàmù kan ààbọ̀ péré ni ìyẹn lára Gouldian, ojú ò sì lè rí i lábẹ́ ìyẹ́. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù ló yẹ kí ẹ ní. Ẹ gbé àpótí bébà kékeré kan lé e, ẹ dá òǹkà rẹ̀ padà sí òdo, kí ẹ wá gbé ẹyẹ náà sínú àpótí náà. Ní àárọ̀ kùtù kó tó jẹun ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń wọn àwọn tèmi nígbà tí ara wọn le, torí pé òǹkà ọjọ́ àìsàn ò wúlò tó bí a ò bá ní òǹkà ọjọ́ àlàáfíà tí a lè fi wé e.

Nígbà tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ rọra fi orí ìka kan egungun àárín àyà rẹ̀. Ó yẹ kí ẹran wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Bí egungun náà bá mú ṣóńṣó bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, ẹyẹ náà ti ń rù tipẹ́. Ẹ má fún un láyà o! Ẹyẹ ò ní iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà àyà àti ikùn bíi tiwa. Gbígbé àyà sókè sódò ló fi ń mí, ẹni tó bá sì di àyà rẹ̀ mú pinpin ti dí i léèémí nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ ni kí ó wà láàárín ìka méjì, kí ara rẹ̀ sinmi sínú àtẹ́lẹwọ́, kí àyà rẹ̀ sì wà lómìnira.

Ní ti ìgbẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ìgbẹ́ gidi tó jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, èyí tó funfun tó wá láti inú kíndìnrín, àti omi tí kò ní àwọ̀. Ìgbẹ́ kékeré tó dúdú bí ewé, tí funfun rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ, sábà máa ń fi hàn pé oúnjẹ tó ń kọjá nínú ìfun ò tó nǹkan. Ohun tí ẹ rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí ẹ má dúró. Bí funfun náà bá di àwọ̀ òféèfèé, ẹ̀dọ̀ ló yẹ ká fura sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú kirikiri tó sì ń fà, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti òkè ìfun. Bó bá pupa, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti wá. Hóró tó jáde lódindi láìdà fi hàn pé ikùn ò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fún wọn ní ewé tútù tàbí kùkúńbà, tí ẹyẹ sì ń ṣeré, ẹ má dààmú. Ó máa padà bọ̀ sípò. Bí ìgbẹ́ bá ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ihò ìdí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé tútù mọ́.

Alábo Kan

Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yìí. Zebra finch ni tèmi, abo. Ó ti yé ẹyin díẹ̀ sínú ìtẹ́, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yìí, ìsàlẹ̀ àgò ló jókòó sí, ó wú ìyẹ́, ó ya ẹsẹ̀, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì ń fún ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Ìdí rẹ̀ wú. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹyẹ

Ẹyin ló há sí i nínú, ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ pe oníṣègùn báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Bí ẹ ṣe ń dúró dè é, ẹ gbé ẹyẹ náà sínú àgò kékeré, kí ooru ibẹ̀ tó 30°C sí 32°C, kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ fi omi gbígbóná rin sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ooru wà kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ní ọ̀rinrin. Ẹ má fi aṣọ náà kan ẹyẹ. Bí ẹ bá ní kálísíọ́mù olómi tí wọ́n ṣe fún ẹyẹ, ẹ kán ẹyọ kan péré sí ẹ̀gbẹ́ àgógó ẹnu rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ lá a. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan wọ ihò ìdí rẹ̀ láti fa ẹyin náà.

Oníṣègùn Ẹranko

Ìyá Ẹyẹ ti sọ ohun tó yẹ, èmi á kàn ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹyin zebra finch wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù kan, ìyẹn nínú abo tí ara rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12, nítorí náà kò sí àyè kankan tó ṣẹ́ kù nínú ikùn rẹ̀. Iṣan tó ń ti ẹyin jáde kò lè ṣiṣẹ́ láìsí kálísíọ́mù, bẹ́ẹ̀ sì ni èèpo ẹyin tó ń yé lójoojúmọ́ ń fa kálísíọ́mù kan náà jáde lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ẹyin náà tó fọ́ sínú, èèpo rẹ̀ lè ya ara inú, ikùn á sì dégbò. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kì í bọ́ nínú ìyẹn. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ẹyẹ yìí àti ikú, kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá bọ́, ẹ kó ìtẹ́ kúrò nínú àgò kó lè sinmi. Hóró gbígbẹ nìkan kì í fún abo ní kálísíọ́mù tó nílò. Èèpo ẹyin adìẹ tí ẹ sè tí ẹ sì gún, tàbí cuttlebone (egungun funfun inú ẹran omi cuttlefish), gbọ́dọ̀ wà nínú àgò nígbà gbogbo, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí kò gba inú gíláàsì kọjá, tàbí fítámì D3, torí pé láìsí D3, kálísíọ́mù tó jẹ kò ní wọ ara rẹ̀. Abo tí kò tíì dàgbà tó àti èyí tí wọ́n jẹ́ kó máa yé láìsinmi ni mo máa ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé lára wọn jù.

Olójú Àánú

Mo ní nǹkan méjì láti sọ. Àkọ́kọ́, finch kì í fẹ́ dá wà. Mo ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá yà á kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, ìbànújẹ́ á tún dá kún àìsàn. Èkejì, mo gbọ́ pé ó dára ká máa da oògùn apakòkòrò (antibiotic, èyí tó ń pa kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí) sínú omi gbogbo àgò kí àìsàn má bàa tàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àgbà Ọ̀sìn

Ní ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni pé ẹyẹ tó ń gbé lọ́pọ̀ ni wọ́n, mo sì mọyì àánú yín. Ṣùgbọ́n nínú àgò tí ẹyẹ pọ̀ sí, a ò lè mọ èyí tó jẹun àti èyí tó ya ìgbẹ́ wo, àwọn tó lágbára sì máa ń lé aláìsàn kúrò nídìí oúnjẹ, wọ́n tilẹ̀ lè máa tu ìyẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbé àgò aláìsàn síbi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn àwọn tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ṣẹ́ tàbí nǹkan mìíràn tí kì í ràn, tó sì kọ̀ tí kò jẹun, mo lè fi ọ̀kan tó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tì í.

Oníṣègùn Ẹranko

Ní ti èkejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Zebra finch wá láti ilẹ̀ gbígbẹ Australia, omi díẹ̀ sì tó o. Èyí tó ń ṣàìsàn tún lè dín omi rẹ̀ kù sí i, nítorí náà ẹni tó nílò oògùn ò ní rí i gbà tó, àwọn tí ara wọn dá á sì máa mu èyí tí wọn ò nílò. Oògùn tí kò tó yìí ló ń kọ́ àwọn kòkòrò àrùn bí wọ́n ṣe lè borí oògùn. Oògùn apakòkòrò ò sì lè ṣe nǹkan kan fún ẹyẹ tó jẹ́ pé kòkòrò inú àpò afẹ́fẹ́, olú, tàbí ẹyin tó há ló ń dà á láàmú. Oògùn ivermectin tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa kòkòrò inú àpò afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù lágbára ju ohun tí ara oníwọ̀n gíráàmù 15 lè gbà lọ fíìfíì, àṣìṣe ẹ̀kán kan lè pa á. Ẹ má sì rọ omi, mílíìkì tàbí oyin sí ẹyẹ tí kò lókun lẹ́nu, torí pé ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Olùsìn Tuntun, bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́la, inú àgò kékeré náà gan-an ni kí ẹ fi gbé e lọ, kí ẹ má sì pààrọ̀ bébà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ bo àgò náà, ẹ mú ọkọ̀ gbóná kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ mú díẹ̀ wá nínú hóró tó ń jẹ. Bí ẹ bá lè fi fóònù gba ìró èémí rẹ̀ lóru sílẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹyẹ tó bá rí àjèjì máa ń gbára jọ, ó sì lè má dún rárá níwájú wa.

Olùsìn Tuntun

A ti dé láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ó fi omi díẹ̀ ya ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó pa iná yàrá, ó sì tan iná tíńrín kan láti ẹ̀yìn ọrùn náà. Mo fi ojú ara mi rí àwọn àmì dúdú wínníwínní nínú ọ̀nà èémí rẹ̀. Ó ní bí a ò bá tilẹ̀ rí wọn, ìyẹn ò ní kó dá wa lójú pé kò sí wọn, torí wọ́n lè fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó kán oògùn sí awọ ọrùn rẹ̀, ó sì ní a máa padà wá gba òmíràn. Ó tún ní kí n máa ṣọ́ èémí rẹ̀ gidigidi, nítorí pé bí kòkòrò púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè dí i lọ́nà èémí. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?

Àgbà Ọ̀sìn

Gbogbo àwọn tó jọ wà nínú àgò ni kí oníṣègùn fún lóògùn, kódà bí ara wọn bá dá lójú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tún kó o ràn án padà. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹyẹ tuntun tí ẹ bá mú wọlé gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá mìíràn fún ó kéré tán ọjọ́ 30. Èmi fẹ́ràn 45. Ti àwọn tó ti wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú lójoojúmọ́, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ tuntun.

Kòkòrò mìíràn tún wà tó ń fara pamọ́ sínú àlàfo igi àti ìtẹ́ lọ́sàn-án, tó sì ń jáde mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ lóru. Bí àwọn ẹyẹ yín ò bá lè sùn, tí àwọ̀ ara ọmọ inú ìtẹ́ sì ń ṣì, ẹ fi aṣọ funfun bo àgò lálẹ́, kí ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ní kùtùkùtù. Bí ẹ bá rí àmì pupa tó ń rìn, àgò àti igi rẹ̀ ló nílò ìtọ́jú jù, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Aláàkọsílẹ̀

Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má bàa máa bẹ̀rù gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan àwọn ohun tó jọ àìsàn tí kì í ṣe é. Ẹyẹ tó ń bọ́ ìyẹ́ máa ń dákẹ́, ó máa ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì máa ń rí jákujàku fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ tuntun á máa yọ, á sì máa jẹun dáadáa. Bí orí rẹ̀ bá pá tí nǹkan kan ò yọ níbẹ̀, ẹ wádìí bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tu ú, bóyá oúnjẹ rẹ̀ ò dọ́gba. Abo Gouldian tó ti ṣe tán láti yé, àgógó ẹnu rẹ̀ máa ń ṣú. Ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ á wú ìyẹ́, á gbọn ara rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi tún ara ṣe. Àmọ́ èépá tó ń hù sí ìdí ẹnu, ojú tàbí ẹsẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Kòkòrò abẹ́ awọ sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ó sì ṣeé wò bí ẹ bá tètè fi han oníṣègùn. Ojú tó wú tó sì ń ṣomi náà ò gbọ́dọ̀ dúró.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára zebra finch ò ju nǹkan bíi mílílítà kan lé díẹ̀ lọ. Bí èékánná bá gé wọ ẹran, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ojú rẹ̀ títí á fi dá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá dá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ oníṣègùn.

Alábo Kan

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, oníṣègùn fún un ní abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù, ẹyin náà sì jáde lálẹ́. Ó ti ń jẹun báyìí, mo sì ti kó ìtẹ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó ti ń wà lọ́kàn mi: bí ẹyẹ kan bá kú láìmọ ohun tó pa á, ǹjẹ́ a ṣì lè rí ohun tó fà á, nítorí àwọn tó ṣẹ́ kù?

Oníṣègùn Ẹranko

Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin ìyẹ́ rẹ̀ kí ó lè tètè tutù, kí ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì níbi tí oúnjẹ ènìyàn ò sí, kì í ṣe inú ibi tó ń sọ nǹkan di yìnyín, torí pé dídì máa ń ba ẹran ara jẹ́ débi pé a ò ní lè rí nǹkan tó yẹ ká rí lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Ara ẹyẹ kékeré máa ń yára bàjẹ́. Ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, nítorí pé àwọn kòkòrò àrùn bíi Salmonella lè ti ara ẹyẹ ran ènìyàn, kí ẹ sì mú ìwé ìwọ̀n ara rẹ̀ dání wá bí ẹ bá ní in.